Ìwé Àdàkọ Bíṣọ́ọ̀bù àti Igi Dúríánì Méje

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni: gbèsè adìẹ mẹ́ta ni mo jẹ Yakub, olùkọ́ ìjọ wa. Ajá mi ló pa wọ́n. Ẹ fún un ní mẹ́ta, kì í ṣe márùn-ún tó ń kà kiri. Ó wá di ìkíni: mo kí gbogbo yín.

Èmi Salome Ginam, ọmọ Nyaruk, ará abúlé Kampung Tanjan ní ilẹ̀ Sarawak, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Àyà ló ń dùn mí. Orí mi pé.

1. Ilé mi di ti Tapi, ọmọ mi obìnrin. Ẹlẹ́dẹ̀ méjèèjì di ti Midin, àbúrò ọkọ mi. Kó má pa wọ́n nítorí òkú mi, ọ̀kan lóyún.

2. Igi eléso dúríánì méje tó wà lágbàlá ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n di ti Tapi. Nyaruk, bàbá mi, ló gbìn wọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin igi ló ni ín, ọmọ rẹ̀ ní í jogún rẹ̀, ẹni yòówù kó kọ́lé sábẹ́ rẹ̀. Míṣọ́n ní bàbá mi ti fi ilẹ̀ àti igi ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sì fẹ́ fi igi náà ṣe pákó ṣọ́ọ̀ṣì.

3. Ìwé àdàkọ lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù Tilcott, ojú ewé irínwó lé méjìlá, di ti Tapi. Kó ka iye ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Bíṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń ṣe àdàkọ lẹ́tà tó ń kọ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin nílé. Mo máa ń fi omi rin bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ìwé àdàkọ náà, kí n gbé e lé lẹ́tà, kí n yí irin ẹ̀rọ ìtẹ̀ mọ́ ọn títí tàdáwà á fi gbà sára rẹ̀. Lẹ́tà á lọ sókè òkun, àdàkọ á dúró. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù kú, wọ́n ní kí n fi ìwé náà dáná. Igi ni mo fi dáná.

Lójú ewé kẹtàdínláàádọ́rùn-ún, ó kọ ọ́ pé: "Nyaruk yá wa ní ilẹ̀ abẹ́ igi rẹ̀. Òun ló ṣì ni igi. Ẹ̀bùn ni mo pè é fún àwọn tó ń dáwó fún wa. Má tú mi fó. Ọmọ tó ń yí irin fún mi kò mọ̀wé."

Mo ti mọ̀wé lọ́dún náà. Mo yí irin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tí àbúrò Bíṣọ́ọ̀bù náà bí, òyìnbó kan, fi ọkọ̀ dé. Ó ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní àwọn bébà àtijọ́ yẹn, a fẹ́ fi tẹ ìwé." Ó gbé aago kan kalẹ̀. Mo bèèrè iye rẹ̀: dọ́là mẹ́fà. Ta ní í fi aago dọ́là mẹ́fà ra àdàkọ tí ikán ti jẹ létí, nígbà tí lẹ́tà gan-an wà nílé ìyá rẹ̀?

Yakub ní, "Ìyá Tapi, ẹ gba aago jàre, ẹ yéé ka ewé bí ẹni ń ka owó."

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ tún adìẹ rẹ̀ kà.

4. Ẹ dá aago náà padà fún ẹni tó ni ín.

5. Midin àti Yakub ni alámòójútó ogún mi. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni àpótí ìwé náà ní. Kí kálukú mú ọ̀kan, kí ẹnì kan má dá a ṣí. Ẹni tí mi ò fọkàn tán, ìtòsí ni mo fẹ́ kó wà.

Mo fọwọ́ sí i, Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, 1906.
Salome Ginam

Ẹlẹ́rìí: Sinda Rabu, alájọgbélé mi, Nyawai Sibat, awakọ̀ odò.

Midin, Yakub, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi bóyá ẹ gba iṣẹ́ yìí tàbí ẹ ò gbà á. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ òyìnbó náà ń padà bọ̀, pẹ̀lú ayùn. Ọjọ́rú ni mo ń retí èsì.