Ìyá Alágbàdo Tí Mo Dá Sílẹ̀ ní Korea

Mo parọ́ nínú ìwé ìròyìn, ẹnì kan sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nítorí irọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé mi orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi, torí ọjọ́ Tuesday tó ń bọ̀ ló fẹ́ lọ, mi ò sì mọ ohun tí mo máa ṣe.

Akọ̀ròyìn ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é ní Èkó kí n tó wá sí Berlin. Ní báyìí, ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Schöneberg ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Märkisches Viertel ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, ṣùgbọ́n mi ò lè fi kíkọ sílẹ̀, ni mo bá ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn kékeré kan táwa ọmọ Nàìjíríà ń kà níbí, èyí tí wọ́n máa ń kó sí ṣọ́ọ̀bù Afro, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí láti Èkó ni pé mi kì í kọ ìròyìn láìsí ohùn ẹni tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀ nínú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Ọ̀gá olóòtú wa ní kí n máa kọ nípa àwọn ibi ìgbafẹ́ ní ìlú òkèèrè. Èmi tí mi ò tíì kọjá Poland! Mo lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Berlin lọ́dọọdún, níbi tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń polówó ara wọn fáwọn arìnrìn-àjò, mo kó ìwé pélébé kún báàgì méjì, inú wọn ni mo sì ti ń kọ ọ́ bí ẹni tó débẹ̀. Nígbà tó kan South Korea, mo kọ nípa òkè Seorak, bí ewé igi ibẹ̀ ṣe ń pọ́n bí iná nígbà tí òtútù bá fẹ́ dé, ọkọ̀ tí wáyà ń fà gòkè, ère Búdà ràgàjì tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà... Ọ̀gá kà á tán, ó ní, "Ó dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni wa kankan níbẹ̀. Ta ló fẹ́ máa ka ọ̀rọ̀ òkúta?"

Mo padà sílé, mo sì fi ọgbọ́n orí dá obìnrin kan sílẹ̀. Mo ní ọmọ Yorùbá ni, mo ní ó ń ta àgbàdo sísè fáwọn tó ń gun òkè. Mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: "Wọ́n ní òtútù á lé mi lọ. Èmi ni mo sú òtútù!" Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀ pé nǹkan kékeré kan ló máa ń jẹ́ kí òǹkàwé gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́, ni mo bá fi àpá iná sí i lápá òsì, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí àpá yẹn. Ṣé ara ẹnì kan nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí i ni? Àbí ó kàn wọ̀ mí lórí?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn náà jáde, Ọ̀gá fún obìnrin kan tó kà á ní nọ́ńbà mi. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àǹtí Sáfú. Rothenburgsort ní Hamburg ló ń gbé, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lórí fóònù. Ó ní àbúrò òun, Kúdí, lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Korea, ó máa ń pè, ó máa ń kọ lẹ́tà, nígbà tó yá gbogbo ẹ̀ dákẹ́, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Àbúrò mi, èmi ni mo da omi gbígbóná sí i lápá. A wà lọ́mọdé, mo ń sáré. Apá òsì. O fojú ara ẹ rí i, àbí?"

Mo ní... mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Mo pinnu pé ojúkojú ni mo máa ti sọ òótọ́ fún un. Lọ́jọ́ Saturday mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ U-Bahn, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, mo ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ṣèdánwò. Mo débẹ̀, ó ti se ìrẹsì dè mí, ó ti fi ìwé ìròyìn mi sínú ọ̀rá kó má bàa ya. Ó pe ìyá wọn ní Abẹ́òkúta, ó fi fóònù sí mi létí. Màmá arúgbó yẹn kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Àdúrà ló ń ṣe fún mi, pé ojú tí mo fi rí Kúdí kò ní fọ́. Ẹni tó ń ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ fún yín, báwo lẹ ṣe máa dá a dúró?

Ọmọ Àǹtí Sáfú nìkan ló fura. Hamburg ni wọ́n bí i sí, Yorùbá yé e, ṣùgbọ́n German ló fi ń dáhùn. Ó wò mí, ó ní, "Haben Sie ein Foto?" Ìyá ẹ̀ jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́? Ọwọ́ àlejò mi lo ti ń bèèrè fọ́tò?" Mo ní obìnrin náà kò fẹ́ kí n ya òun. Irọ́ kẹta nìyẹn, àbí ìkẹrin? Àǹtí wá mú bébà kan wá, ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí n ya ọ̀nà fún òun, láti ibi tí bọ́ọ̀sì ń já èrò sí dé ibi tí Kúdí ń pàtẹ sí. Mo yà á. Mo ti ka ìwé pélébé yẹn débi pé gbogbo ọ̀nà náà wà lórí mi, mo ya ẹnubodè, mo ya ère, mo ya afárá, mo wá fa àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá.

Ìyàwó mi ní kí n panu mọ́. Ó ní, "Jẹ́ kó lọ. Tí kò bá bá a níbẹ̀, á gbà pé ó ti kó lọ síbòmíì. Ó kéré tán, á rí òkè." Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó máa mú mi. Àǹtí Sáfú á dúró síbẹ̀ nínú òtútù, á máa fi fọ́tò àbúrò ẹ̀ han àwọn tí kò gbọ́ èdè ẹ̀, á padà wálé, á tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀, torí mo ti sọ fún un pé mo rí i... Ṣé ìyà yẹn ò ju ti àìmọ̀ lọ? Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ìyá Abẹ́òkúta ńkọ́, tí wọ́n ní ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde jókòó síwájú ilé? Ṣé èmi ni mo máa gba Kúdí lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì?

Lánàá, Àǹtí tún pè mí. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ ra kóòtù òtútù fún Kúdí, kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́. Ó bi mí bóyá ó ti sanra tàbí ó ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tàtijọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́... Mo ní ó ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́, mà. Ó ní, "Mo mọ̀!" ó sì gé fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó lọ tí ẹ ò gbúròó ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Àǹtí Sáfú, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n pè yín kó tó di ọjọ́ Tuesday?