Ìwé Ìrìnnà Ìyàwó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà

Tíṣà ní kí àgbà kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa máa kọ nǹkan lójoojúmọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Ó ní òun ò ní kà á. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Tíṣà tí àbíkẹ́yìn mi fi ọdún mẹ́fà jù kò ní máa fi bírò pupa fa ìlà sí ọ̀rọ̀ ilé mi.

Ọ̀rọ̀ ilé mi nìyí. Ọkọ mi fẹ́ mú Ìyàwó rìn kiri Yúróòpù. Ọmọ ọmọ mi ni mò ń pè ní Ọkọ mi, aya rẹ̀ ni Ìyàwó. Ọkọ tó fẹ́ mi ti lọ sinmi láti ọdún mọ́kànlá. Ìlú mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó obìnrin wà ní ìlú kìíní, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní ìkejì, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà wà ní ìkẹta. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò ti fojú kan ẹnì kankan nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà: ìlú òyìnbó tí a wà yìí ni wọ́n bí Ọkọ mi sí. Bó bá ti na ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí wọn ní ẹnu ibodè, wọ́n á ní kó máa wọlé. Ti Ìyàwó kò rí bẹ́ẹ̀. Àjèjì ni níbí, àjèjì ni lọ́hùn-ún. Àfi kó gba físà. Tọkọtaya kan, ibùsùn kan — ilẹ̀kùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n kó wá gùn bí ọjọ́ òùngbẹ. Èmi ni mo kà á sókè fún wọn. Mo fi ìka tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó kán mi lójú. Ìwé ìgbéyàwó. Lẹ́tà láti ibi iṣẹ́. Lẹ́tà ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ìwé adójútòfò, bí àìsàn bá lọ ṣe é lọ́hùn-ún. Ẹ̀rí pé yóò padà wá.

Mo ní, "Ṣé ọkọ tó ní nílé kò tó ẹ̀rí ni?"

Ọkọ mi ní, "Ìyá àgbà, ọkọ náà ń bá a lọ."

Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ tèmi sílẹ̀ nígbà náà. Èmi ni ẹ̀rí. Mi ò lọ síbì kankan.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì fi fáìlì náà sí ìkáwọ́ mi, kí n máa to ìwé sínú rẹ̀ bó ṣe ń dé. Èmi tí mi ò mọ A yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn ní ọdún méjì sẹ́yìn! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Onífọ́tò ní kí Ìyàwó má rẹ́rìn-ín, kí etí rẹ̀ méjèèjì sì hàn. Ìyàwó tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀! Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí Ìyàwó yóò sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan! Ìyá ọkọ tó fẹ́ mi gan-an, tó mọ iye ìgbà tí mo ń sín lóòjọ́, kò bi mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi. Físà kan ló ń ṣí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n bá ti máa sùn jù ni wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀. A pín àwọn alẹ́ náà sórí tábìlì bí ẹni pín ẹ̀pà. Ẹ̀gbọ́n gba márùn-ún, àbúrò gba márùn-ún, Ìyá Òkèèrè gba mọ́kànlá. Ìyá Òkèèrè ni mò ń pe ìyá àgbà Ìyàwó. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Kò dàbí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó kàn ń gbàgbé ni. Láti ọdún tó kọjá, ó gbàgbé àwọn aládùúgbò, lẹ́yìn náà ó gbàgbé àbúrò Ìyàwó. Orúkọ Ìyàwó kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń pè é, bí ẹni ń pe ọmọ tó lọ ṣeré wọlé.

Ìyàwó ń sọ èdè wa bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun, díẹ̀díẹ̀, ó ń yọ egungun kúrò. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì mọ ẹni tó wọlé."

Mo ní yóò rí bẹ́ẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀tunla ni wọ́n ń lọ fi ìwé sílẹ̀. Wọ́n jáde lọ kí ọ̀rẹ́ wọn. Èmi nìkan àti fáìlì.

Mo to gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá mú ìwé ìrìnnà Ìyàwó wò. Mo ka orúkọ rẹ̀ fúnra mi, láìsí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́. Ìwé tó dára ni o. Àwòrán ẹyẹ tó fẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òfìfo ni ọ̀pọ̀ wọn. Òfìfo pátápátá, bí ilé tí kò sẹ́ni tó kí i kú ìṣílé.

Nígbà tí mo parí ìwé kìíní, Tíṣà fi ìwé kan ta mí lọ́rẹ, ó kọ àdúrà sí iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ ló ń kọ nǹkan sínú ìwé ẹ. Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan ná, kí n má baà ṣì í kọ. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ sí ojú ewé tó mọ́ jù:

KÍ Ọ̀NÀ LÀ FÚN Ọ. KÍ ẸSẸ̀ RẸ MÁ KỌ. LỌ IRE, BỌ̀ IRE.

N kò kọ orúkọ mi sí i. Kò dìgbà tí àdúrà bá ní orúkọ kó tó gbà. Mo fẹ́ kí ó ṣèèṣì rí i ní ibodè, kó sì rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wọn.

Ìlà mi tọ́. Mo wò ó títí. Inú mi dùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n ti dé. Ọkọ mi gba iwájú mi kọjá.

Ibi ìgbàwé náà, ẹni tó ń tọrọ físà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé, nítorí náà ìta ni Ọkọ mi dúró sí. Inú ni Ìyàwó lọ bá ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Akọ̀wé Gíláàsì ṣí ìwé ìrìnnà náà ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ó ní ìwé tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí kì í ṣe ìwé ìrìnnà mọ́. Ó ti bàjẹ́. Kò gba fáìlì. Ó tì í padà lábẹ́ gíláàsì.

Ó bi í pé ta ló kọ ọ́. Ìyàwó ní òun ni.

Mo gbọ́ ohùn Ọkọ mi láti yàrá wọn. "Ta ló ń kọ nǹkan sínú ìwé ìjọba? Ṣé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ẹ́ ni?" Ìyàwó ní òun ń fi kọ́ èdè wa ni, nígbà tí òun dúró lórí ìlà, pé òun kò ronú. Ọkọ mi ní kó jẹ́ kí òun rí i. Ìyàwó ní rárá, ojú ń ti òun.

Mo wà lórí àga. Omi tí mo fẹ́ mu wà lọ́wọ́ mi. N kò dìde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi ni adìyẹ. Ìyàwó ni okùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo gbìyànjú láti fi rọ́bà pa bírò rẹ́ lórí ìwé pélébé ọjọ́sí. Ó ya ihò síbẹ̀.

Mo bi Tíṣà nínú kíláàsì, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, pé kí ló ń pa bírò rẹ́. Ó ní, "Kò sí, Ìyá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ ọ́." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà fura.

Kò sẹ́ni tó jẹun gidi nílé. Ọkọ mi ń bá fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju aya rẹ̀ lọ. Tó bá sì bá a sọ̀rọ̀, ìwé yẹn náà ni. "Ìwọ àti ìkọ̀wé ẹ." Ìyàwó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun jáde.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ìyàwó ń ká aṣọ. Mo jókòó tì í, mo bá a ká ìbọ̀sẹ̀. Mo ní, "O mọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí?"

Mo ní kí ló dé tó fi gbà á sórí ara rẹ̀. Ó ń ká aṣọ lọ. Ó ní, "Tó bá bínú sí mi, á pariwo, á tán. Tó bá bínú sí yín, á gbé e mì. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Mo mọ bó ṣe rí."

Ó wá ní, "Omi ló dànù, Màmá. Agbè ò fọ́."

Èmi ni mo kọ́ ọ ní òwe yẹn lọ́dún tó kọjá. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má pa á fún mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo sọ fún Ọkọ mi. Mo dúró sọ ọ́. N kò fi òwe bo ìdí rẹ̀: èmi ni mo kọ ọ́, Ìyàwó kò lọ́wọ́ sí i, mo sì dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Kò pariwo. Ǹ bá fẹ́ kó pariwo. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìnira, Ìyá àgbà." Ó jáde lọ fọ mọ́tò tó fọ̀ láná.

Nígbà tó wọlé, ó lọ bá aya rẹ̀ ní kíṣìnì. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí i pé ó ti iwájú orí rẹ̀ mọ́ èjìká obìnrin náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ní dandan, èmi yóò lọ sí ibi ìgbàwé náà. Mo wọ aṣọ tó dára jù. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ ní àkọ́kọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni ọ̀daràn náà." Ó yà fún mi.

Akọ̀wé Gíláàsì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ti rò pé yóò burú. Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni, ó wọ awò. Mo fi ẹnu mọ́ ihò kékeré tó wà lára gíláàsì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ṣé mo lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé mo lè kọ ọ́! Mo kọ ọ́. Ó gbà mí ní ìdajì wákàtí, àwọn ènìyàn ń mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo bu ọwọ́ lù ú, orúkọ mi lódindi.

Ó kà á. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ ọ́ dáadáa. Kò yí nǹkan kan padà."

A kúrò níbẹ̀, a lọ sí ẹ́ḿbásì ìlú Ìyàwó fún ìwé ìrìnnà tuntun. Wọ́n ní ìlú wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́rin, bí nǹkan bá lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ físà. Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyàwó fa ọwọ́ mi. Ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó máa rí yín. Tábìlì wọn ga."

Ẹtì, ogúnjọ́

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó pè. Ìyá Òkèèrè pe òun náà ní nọ́ọ̀sì lórí fóònù láàárọ̀ yìí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ìyàwó ló sọ ọ́. Ọkọ mi kò jẹ́ sọ ọ́ láé. Ó ní, "Ìwọ máa lọ. Ìwé tìrẹ dára. Lọ bá mi jókòó tì í."

Ọkọ mi ní òun kọ́ ló ń retí. Ìyàwó ní kó lọ bẹ́ẹ̀. Kó sọ fún un pé òun ń bọ̀, kó máa sọ ọ́ lójoojúmọ́, kí orúkọ náà má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n wò mí, bí ẹni pé mo ní àṣẹ kan tí màá pa. Àgbà tí wọ́n ń wò lójú. Mo ní kó lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó ti lọ. Ìyàwó ló di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò yà ní kọ̀rọ̀, ó ṣì ń juwọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán ni fóònù dún. Ọkọ mi ni, òun àti Ìyá Òkèèrè, ojú kojú. Ìyàwó gbé e ti ife kí àwa méjèèjì lè rí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo rí i. Obìnrin tó mọ́ tónítóní, irun funfun, aṣọ òtútù aláwọ̀ ewé. Ó di ọwọ́ Ọkọ mi mú. Bàbá Ìyàwó ló pè é — ọmọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ọkọ mi gbọ́ èdè wọn díẹ̀. Kò bá a jiyàn. Ó ń jẹ́ ẹ.

Ìyàwó kí i. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan gíláàsì fóònù náà. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, bó ti máa ń ṣe, kí n má baà dá wà nínú ọ̀rọ̀.

Ìyá Òkèèrè wò ó dáadáa. Ó ní, "Obìnrin yìí lẹ́wà. Ta ni?"

Ọkọ mi dárúkọ Ìyàwó.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o. Ọmọ tòun kéré. Kò tíì lè di irun ara rẹ̀.

Ó gbé ojú kúrò lára fóònù. Ó bojú wo ẹ̀yìn Ọkọ mi, níbi tí ilẹ̀kùn wà, ó sì bèèrè nǹkan kan. Ó tún un bèèrè.

Mo ní, "Kí ló wí?"

Ìyàwó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò wo ojú mi.

"Ó ní níbo ni ọmọ òun wà. Ó ní kí ló dá a dúró."