Rọ́bà Tó Tan Iná Lóko Ìrẹsì

Owódé Ẹ̀gbá,
Oṣù Kọkànlá, ọdún 1986.

Bándélé ọmọ mi,

Mo kí ọ títí dé ìlú òtútù tí o wà. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun yó? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi orúnkún mi tó ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Kùdírátù, ìyàwó Láwàlì aládùúgbò wa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí.

Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ nílé ẹ̀kọ́ ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́, pẹ̀lú iná pupa kékeré tó wà lára rẹ̀. O ní kí n gbé e kọ́ orí òpó, pé bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ ẹ, yóò tan iná láìsí bátìrì. Mo gbé e kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò tàn.

Ẹ̀gbọ́n mi Fásanmí pe ẹbí jọ, ó ní, "Fájẹ́misìn, ṣé ọ̀rá ni ọmọ rẹ lọ kọ́ lókè òkun? Ní kó máa bọ̀ wá roko." Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di ìgbà ìkórè ìrẹsì; bí kò bá tàn, èmi fúnra mi ni n ó pè ọ́ wálé.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, n kò kàwé, ṣùgbọ́n n kì í tètè gbà fún ènìyàn. Nígbà tí ìrẹsì gbó, tí ẹ̀ga bò wá, mo na okùn agolo ká oko bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, mo jókòó sí ahéré, mo ń fà á kí agolo máa dún lé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé afẹ́fẹ́ Owódé kò lágbára tó apá mi. Mo gé okùn náà láàárín, mo fi rọ́bà rẹ so ó pọ̀, kí fífà tí mo ń fà á lè máa nà án.

Mo ránṣẹ́ pe Fásanmí. Mo fa okùn. Agolo dún, ẹ̀ga fò, iná pupa ṣẹ́jú! Fásanmí tú ìdí iná náà wò, ó ń wá bátìrì, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Olóríkunkun, ṣé kì í ṣe pé o ń tàn mí báyìí?" Mo na okùn sí i: "Ẹ fà á fúnra yín." Ó fà á. Iná tàn. Àgbà ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, má tíì wálé. Kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ yanjú. Ẹbí ti fẹnu kò sí i. Òrìṣà ilé wa kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ohun tí o bá dáwọ́ lé, yóò tàn lójú àwọn tó ní kò ní tàn.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Fájẹ́misìn.

Mo tún rántí: fi rọ́bà mìíràn ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn mọ́. A ti kórè ìrẹsì tán, kò sí ẹyẹ kan lóko, ó ṣì ń fà á.