Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ni Kí O Fi Kọ̀wé Sí Mi

Kwan-Yi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Guangzhou? Ṣé ò ń jẹun yó? Àwọn baba ńlá ilé Mak kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ara bàbá rẹ le, ìyá àgbà náà ń bẹ, eyín ló ku méjì. A ti fa omi adágún, a ti kó ẹja tà. Ẹja ò wọ́n lọ́dún yìí, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ló wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù dé. O ní, "Ìyá mi ọ̀wọ́n, mo tọrọ ìforíjì, ojúṣe lẹ́nu iṣẹ́ kì yóò gbà mí láàyè láti wà níbi àjọ̀dún ọ̀gìnnìtìn." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní èyí kì í ṣe ọmọ mi, iléeṣẹ́ wọn ló kọ ọ́. Ni mo bá dá iléeṣẹ́ lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda Kwan-Yi fọ́jọ́ méjì péré, ìyá àgbà rẹ̀ ti pé àádọ́rùn-ún ọdún, a ò mọ iye àjọjẹ ọdún òtútù tó kù fún wọn. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó ní Ìyá Kwan-Yi, ọmọ rẹ lò ń bẹ̀ yẹn!

Mo kà á sókè fún ìyá àgbà. Wọ́n ní ta ló kú? Ibi ìsìnkú nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ irú èdè yẹn. Mo ní Kwan-Yi ni. Wọ́n ní irọ́ ni, pé Kwan-Yi tàwọn ì bá ní, "Màmá, mi ò ní lè wá o, ẹ má jẹ apá adìyẹ mi!"

Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, pé èdè tí à ń sọ nílé yàtọ̀ sí èyí tí à ń kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dórí ìwé. Tísà Au na èmi náà lọ́wọ́ nítorí ẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè nà mí mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Èyí tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, mo ya àmì róbótó síbẹ̀. Kà á sókè, ẹnu rẹ á parí ẹ̀.

Owó oṣù yìí, fi ránṣẹ́ bí o ṣe máa ń ṣe, n kò ní purọ́ pé a ò nílò ẹ̀. Ṣùgbọ́n fi ohùn rẹ kún un. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, wọ́n ní iye owó kan náà ni fífi ohùn ránṣẹ́ àti kíkọ. Ohùn rẹ kan ṣoṣo tó wà nínú fóònù, èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà ọdún òṣùpá, ọjọ́ kìíní oṣù àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún nìkan ni mò ń gbọ́ ọ, kó má baà tètè gbó. Ìyá àgbà fẹ́ máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́, mo ń fi dù wọ́n. Fi òmíràn ránṣẹ́, ọmọ mi, kí n lè ná èyí ní ìná àpà.

Ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọ.

Ìyá rẹ,
Sau-Ngo