Áyọ́ọ̀nù Tó Ń Bá Wa Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Èmi tí mo ń kọ ìwé ìhágún yìí ni ìyàwó káfíńtà, ọmọ aránṣọ, aránṣọ fúnra mi, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé mi ò sanra. Orí mi pé. Àyà mi nìkan ni kì í jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọ ní òfin ò béèrè àyà, orí ló béèrè.

Lọ́la ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, láti yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi. Dókítà ní kò le. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi kúrò níwájú rẹ̀.

Ọkọ mi, ẹ̀yin ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, ìgbéyàwó wa ò sì tíì dàgbà; ojú ṣì ń tì mí lọ́dọ̀ yín. Ohun tí ẹnu mi ò lè sọ ni mo ní kí ọwọ́ mi bá mi sọ.

1. Mi ò kọ́lé. Yàrá tí a ń gbé, onílé ló ni ín. Ohun tó jẹ́ tèmi níbẹ̀ ni ojú fèrèsé tí mo máa ń jókòó sí ránṣọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí yín bí ẹ bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, tí lẹ́búlẹ́bú igi bo orí yín bí ewú. Mo máa ń rò ó nínú mi pé, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe rí nígbà tí a bá darúgbó. Mo fi ojú fèrèsé náà sílẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àpótí dí i.

2. Máṣíìnì, àlùmọ́gàjí àti téèpù di ti àbúrò mi obìnrin. Ìyá wa ló ni wọ́n kí wọ́n tó di tèmi. Kó má ṣe yá àlùmọ́gàjí náà fún ẹni tó fẹ́ gé páálí, ì báà jẹ́ pásítọ̀.

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣe mí ti ń yọjú sí ìwọ náà. Àyà á máa sáré bíi máṣíìnì tí wọ́n ń tẹ̀ láìsí òwú nínú rẹ̀: ariwo ń lọ, kò rán nǹkan kan. Tèmi, áyọ́ọ̀nù ni. Bí mo bá ti jáde, ọkàn mi á ní mi ò yọ ọ́ kúrò lára iná, ilé ti ń jó. Màá sáré padà. Yóò wà lórí pẹpẹ, tútù bí omi àmù. Bó bá dé sí ọ, má sọ pé kò sí nǹkan. Sọ ọ́ fún Olúwa bó ṣe rí gan-an.

3. Ẹní tí ìyá mi fi ń gbàdúrà, kí ẹ gbé e fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kí wọ́n tẹ́ ẹ sí ibi tí wọn yóò ti máa rí i.

Gẹ̀gẹ̀ yìí náà ló mú ìyá wa. Wọ́n dé géètì ọsibítù, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n padà sílé, wọn ò sì lọ mọ́ títí ohun tó wà lọ́rùn wọn fi gba èémí lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mà, ẹ̀gbẹ́ pósí wọn lẹ dúró sí tí ẹ fi sọ pé, “Ẹni tó bá nígbàgbọ́ kì í bẹ̀rù.” Mo gbọ́, mi ò fèsì, nítorí àgbà ni yín. Èsì mi nìyí: ẹ wo ẹní náà. Ihò méjì wà lára rẹ̀, níbi tí orúnkún ìyá wa máa ń wà. Ẹni tí kò nígbàgbọ́ kì í kúnlẹ̀ títí ẹní fi lu. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì gba Olúwa gbọ́. Méjèèjì jọ ń gbé inú ilé kan náà bí orogún. Mi ò bínú sí yín mọ́. Ó ku díẹ̀ kí n má bínú mọ́.

4. Adìẹ mi, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìjọ nítorí pé kì í yà fún ẹnikẹ́ni lọ́nà, di ti ìyá ọkọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti búra pé inú ọbẹ̀ ni yóò kẹ́yìn sí. Ẹ foríjì í, mà. Ó ń yé dáadáa.

Mo sì jẹ yín ní gbèsè ọpẹ́ kan. Ọjọ́ tí ẹ bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ní ojú ń tì mí láti máa fi ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù yọ Ọlọ́run lẹ́nu. Ẹ ní, “Ìyàwó mi, Ọlọ́run tó mọ iye irun orí ẹ, ṣé áyọ́ọ̀nù ni kò ní lè gbé?” Àtìgbà náà ni àdúrà mi ti kúrú. “Olúwa, áyọ́ọ̀nù ni.” Ó tán. Ẹ̀rù náà kì í lọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló ń bá gbé mọ́. Ẹ ṣeun, mà.

5. Ọkọ mi, bí ẹ bá fẹ́ ìyàwó mìíràn lẹ́yìn mi, kò burú. Ó burú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ ẹ. Kó mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń wọn igi, àti pé bí ẹ bá ń kọrin nílé ìwẹ̀, kó ṣe bí ẹni pé ohùn yín dùn. Aṣọ ìgbéyàwó mi nìkan ni kí ẹ má fún un. Èmi ni mo rán an. Òun ni kí ẹ fi sin mí.

6. Ó ku áyọ́ọ̀nù.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa lọ́jọ́, wọ́n ti wọ aṣọ ọsibítù fún mi, ìlẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ ti ṣí, ni mo bá rántí rẹ̀. Mo sá jáde bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ náà ṣí sílẹ̀, gbogbo àdúgbò ń wò mí. Nígbà tí ẹ bá mi nílé, mo rò pé ẹ ó bú mi. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù náà, ẹ rọra fi kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ kí n lè mọ bó ṣe tútù tó. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ fi í sínú báàgì, ẹ gbé e kọ́ èjìká, a jọ gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Olórí akọrin ní, “Káfíńtà, ṣé aṣọ pásítọ̀ lo fẹ́ wá lọ ni?” Ẹ ní, “Rárá o, ó ní òun náà fẹ́ gbọ́ ìwàásù.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, mo fara pamọ́ sẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù dópin láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Títí dòní, àárín ẹsẹ̀ wa ló máa ń jókòó sí.

Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, mo ń wo báàgì náà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ẹ ti dì í sílẹ̀ fún ti ọ̀la. Bí mo bá kú, tiyín ni áyọ́ọ̀nù náà, kí ẹ máa fi lọ aṣọ nìkan. Ṣùgbọ́n lọ́la, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Mo ti sọ fún Olúwa. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní purọ́ nínú ìwé òfin. Ìyá wa ò rí ẹni di ọwọ́ wọn mú ní géètì. Ọwọ́ yín méjèèjì ni mo fẹ́. Ẹ fi ọ̀kan dì mí mú dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Bí mo bá yíjú padà, ẹ fi èkejì yí mi síwájú.

Mo fọwọ́ sí i ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, lẹ́yìn ìsìn.

Abẹ́rẹ́, ìyàwó káfíńtà

Àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí, tí wọn ò sì ní pín nǹkan kan níbẹ̀:
Akọ̀wé ìjọ
Nọ́ọ̀sì ilé kejì