Ẹ̀rọ Òkun Nínú Táǹkì Obì

Ilé Olóbì,
Sábó, Ṣàgámù.
Ọjọ́ Jímọ̀.

Kareemat Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ lórí omi tí o wà, mo sì kí omi náà fúnra rẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé o ní ìyá. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbi tí kò sí ilẹ̀ tí o máa ṣubú lé. Ìgbì kò ní gbé ọ, ẹja kò ní mọ̀ ọ́ lójú, oúnjẹ tí wọ́n ń sè nínú ọkọ̀ kò ní jẹ́ èyí tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní orúnkún òun ti fúyẹ́, irọ́ ló ń pa, ó ṣì ń di ògiri mú. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, a sọ ọ̀kan ní Ọ̀gá Ọkọ̀ nítorí rẹ.

Kí n tó sọ ohunkóhun, dá mi lóhùn lórí kinní kan. Fàtíà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, ọmọ Fàsásì tó ń gé ewé tí a fi ń di obì, fi ibi tí ọkọ̀ yín wà hàn mí nínú fóònù, ó dà bí orí ọfà kékeré lórí omi aláwọ̀ búlúù. Tí mo bá ti kírun Àsùbáà tán ni mo máa ń wò ó. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ náà ti dúró lójú kan. Kí ló dé? Ṣé èrò kò tíì kún ni? Tó bá jẹ́ èrò kan ló kù, ẹ dá owó rẹ̀ láàárín ara yín kí ẹ máa lọ, bí a ṣe máa ń ṣe ní gáréèjì. Bàbá rẹ ní táyà ló jò. Mo ní táyà wo, lórí omi? Ó ní ọkọ̀ tó bá dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, táyà ni. Fàtíà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ńṣe ni ẹ dúró kí ẹ lè wọn bí òkun ṣe jìn tó. Èyí yà mí lẹ́nu. Látìgbà tí òkun ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n ọ́n?

Ó dáa. Iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ jábọ̀ rẹ̀, nítorí fóònù rẹ kò wọlé mọ́ láti ìgbà tí o ti wọ ọkọ̀. Fàtáì dẹ́rẹ́bà ló máa gbé ìwé yìí lọ sí ọ́fíìsì yín ní Èkó, kí o lè bá a níbẹ̀ tí ẹ bá gúnlẹ̀.

Nígbà tí o ń lọ, o ní kí n máa bá ọ wo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí o ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ òkun. Ó yé mi. O fi mí ṣe mánéjà. O tún ní ọ̀gá rẹ, Dókítà Yétúndé, máa wá ní Ọjọ́bọ̀ láti wò ó bóyá ẹ̀kọ́ òkun ní ìtumọ̀ kankan ní Ṣàgámù tí kò ní òkun, pé bí ẹ̀rọ abẹ́ omi tí àwọn ọmọ fi páìpù ṣe fúnra wọn kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n máa kó páìpù wọn lọ sí ìlú mìíràn. Èmi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀kọ́ yìí ló ń mú ọ wá sílé lóṣooṣù. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ọdún Iléyá sí ọdún Iléyá la máa ń rí ọ, o tún máa ń wo aago. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ páìpù lásán lójú mi.

Mo pe ìpàdé. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkọ́lá, olùkọ́ wọn, ní àwọn ṣì ń dúró de èsì láti òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́, kí àwọn lè dán ẹ̀rọ náà wò níbẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló kọ̀wé sí wọn. Ó ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kareemat, òjò ti rọ̀ tán! Níbi ẹ̀kọ́ òwò tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa rán mi lọ ní Ìlíṣàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé iṣẹ́ tí kò bá ní ẹni tó máa dáhùn fún un, kò sí ẹni tó máa ṣe é. Mo ní èmi ni mo máa dáhùn. Mo kó obì kúrò nínú táǹkì símẹ́ńtì tí a fi ń rẹ ẹ́ kí eèpo rẹ̀ lè bó, mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n pọn omi kún un, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ wọn wá kí oòrùn tó wọ̀.

Wọ́n gbé e dé. Mo ti rò pé nǹkan tó ń dán ni. Páìpù omi ni, irú èyí tó wà ní balùwẹ̀ wa, wọ́n so ó pọ̀ bí àkàsọ̀ kékeré, wọ́n fi àwọn fáànù kéékèèké sí i lára, wọ́n di fóòmù mọ́ ọn lórí, wáyà gígùn wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ó ní ìkọ́ kan lẹ́nu, ó sì ní kámẹ́rà tó tẹjú mọ́ mi. Mo tún ìborùn mi ṣe, mo kí i. N kò mọ ẹni tó ń wò mí láti ọ̀hún.

Wọ́n gbé e sómi. Kò léfòó, kò rì. Ó dúró sí agbedeméjì omi bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Ní tèmi, láti ìgbà tí ìyá mi ti kọ́ mi ní òwò obì, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀. A da obì sómi, èyí tó bá rì, ó gbó, ó dára. Èyí tó bá léfòó, kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ló ń lọ. Èyí tó wá dúró sáàárín yìí, apẹ̀rẹ̀ wo ni kí n jù ú sí? Fàtíà ní Ìyá Olóbì, bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe fẹ́ ẹ, pé ìgbà tó bá dúró bẹ́ẹ̀ ni fáànù lè darí rẹ̀ sókè sódò. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mo fi ojú sí i lára.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo jókòó, mo ronú bí mánéjà. Ẹ̀rọ òkun ni wọ́n ń pè é. Òkun ní iyọ̀. Omi kànga wa kò ní. Ẹni tó bá wá ra obì lọ́dọ̀ mi tí mo wá gbé orógbó fún un, ṣé ó máa sanwó? Mo lọ ra àpò iyọ̀ kan wá, mo dà á sínú táǹkì, mo fi igi rò ó títí ó fi yòrò. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu díẹ̀ tọ́ wò, ó ní ó ku ata. N kò sọ fún àwọn ọmọ. Mo fẹ́ kí inú wọn kàn dùn lójijì.

Dókítà dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, obìnrin jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní kí ètò bẹ̀rẹ̀ kíá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sómi. Kareemat, ó léfòó! Ó nà gbalaja sórí omi bí òkú ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n tẹ fáànù, fáànù ń ta omi sí wa lójú, ẹ̀rọ kò lọ ibì kankan. Omijé ti dé ojú Fàtíà. Oyèkọ́lá ń tún táì rẹ̀ ṣe.

Èmi mọ ohun tí mo rí. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo yọ ọ́ kúrò nínú omi, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí láàárín àwọn obì tó ti bàjẹ́. Mo sọ fún Dókítà pé kó má bínú, pé kò sí ọdún tí a kì í rí irú wọn, a máa tú u, a máa wá kòkòrò inú rẹ̀ jáde, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀ fún un.

Fàtíà ló kọ́kọ́ gbọ́n. Ó ti ìka bọ omi, ó fi lá, ó tutọ́. Ó ní iyọ̀ ni. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iyọ̀ ni, owó mi ni mo fi rà á, kí wọ́n má wulẹ̀ dúpẹ́.

Oyèkọ́lá ní kí a da omi nù, kí Dókítà padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà ní òun kò ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, ó sì ti ń pa ìwé rẹ̀ dé. Mo rí gbogbo oṣù tí o máa ń wá sílé tí wọ́n ń rì lọ lójú mi. Dókítà wá bi àwọn ọmọ pé, kí ni wọ́n máa ṣe báyìí? Fàtíà nu ojú rẹ̀, ó ní omi oníyọ̀ wúwo ju omi kànga lọ, òun ló ń ti ẹ̀rọ sókè, nítorí náà ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wúwo sí i. Adébùkọ́lá tó ń di wáyà mú ní kí wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Fàtíà ní òkúta máa yọ̀ bọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Èmi kò lè gba ìyẹn. Mo tú àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi, mo yọ ẹ̀rọ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, mo fi àgádágodo náà há páìpù rẹ̀, mo tì í, pá! A gbé e sómi, ó ṣì léfòó. Mo fi ti yàrá obì kún un. Ó wọlé díẹ̀. Fàtíà ní ó ku kékeré. Mo lọ tú ti àpótí bàbá rẹ wá. Ẹ̀rọ náà lọ sí agbedeméjì omi, ó dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. A hó yèè!

Wọ́n tẹ fáànù, ó wọlé lọ, gbogbo wa ń wo ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ ń rí lórí kọ̀ǹpútà. Dókítà ti ju òrùka irin kan sí ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbé wá. Kí a tó rí òrùka, a rí ojú méjì tó ń wò wá láti ìdí táǹkì. Bàbá rẹ figbe ta. Awò ojú rẹ̀ ni! Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ́ iyọ̀ wò ló já bọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń fẹ̀sùn kàn mí pé mo ti dì í mọ́ obì tó lọ sí Kánò. Fàtíà pa òrùka tì, ó fi ìkọ́ ẹ̀rọ há apá awò náà, ó gbé e sókè wẹ́rẹ́. Bàbá rẹ gbà á, ó fi sójú bó ṣe ń kán tó-tó, ó wò mí, kò bẹ̀ mí. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

Ó ní Ṣàgámù ti yege. Ó ní àwọn ọmọ máa fi ẹ̀rọ náà hàn ní Èkó lópin oṣù, òun sì máa gbé e lọ nínú mọ́tò òun. Mo dúpẹ́. Ó wá rọra fi kún un pé iṣẹ́ orí ọkọ̀ ń pọ̀ sí i fún ọ, ó lè jẹ́ olùkọ́ mìíràn ni àwọn á máa rán wá sí Ṣàgámù. Mo bi í pé olùkọ́ wo. Ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. N kò bá a jiyàn. Wọ́n ti kọ́ wa ní Ìlíṣàn pé kí a má bá oníbàárà jà.

Àsìkò yẹn ni Fàtíà sáré wá, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá kí àwọn tú àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí omi tí wọ́n máa lò ní Èkó kò ní iyọ̀, bí ẹ̀rọ bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àgádágodo lára, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa bá ara rẹ̀. Mo ní n kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wọlé sí. Kareemat, etí ìró mi ni wọ́n wà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Fi owó iyọ̀ ránṣẹ́, kí o fi owó omi tí a máa fi fọ táǹkì lé e, nítorí n kò tíì lè rẹ obì nínú rẹ̀, àwọn ará Kánò sì ń bínú. Má fi sínú fóònù bàbá rẹ o, ó ní owó tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń mú kó gbóná. Ṣùgbọ́n má fi owó àgádágodo ránṣẹ́. N kò ra òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣí sílẹ̀ gbayawu, bàbá rẹ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, awò wà lójú rẹ̀. Mi ò lè fi kọ́kọ́rọ́ mi lé olùkọ́ tí n kò mọ̀ lọ́wọ́. Ìwọ ni kí o wá gbà á, kí o sì kó àwọn ọmọ náà lọ sí Èkó.

Ọlọ́run á mú ọ gúnlẹ̀ láyọ̀. Omi tó gbé ọ lọ á gbé ọ bọ̀. Ibi tí o bá fẹ́ wọ̀n, kò ní jìn ju okùn ọwọ́ rẹ lọ.

Mo tún wo fóònù kí n tó lẹ ìwé yìí. Ọkọ̀ yín ti mira, ó ti kọjú sí Èkó. Sọ fún dẹ́rẹ́bà yín kó má yà gbé èrò kankan lọ́nà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlájà Modúpẹ́.