Ìròyìn Ọjọ́ Ajé Lórí Adágún Bàbá Mi

Ẹ̀gbọ́n Shu-chin, mo kí yín àti ètò yín lórí rédíò láti Chigu, ní Taiwan níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Nígbà tí mo ti ilé ìwé òkè òkun dé, Bàbá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó máa ń pè é lórí fóònù bí afẹ́fẹ́ inú omi ẹja wa bá ń dínkù. Mo ní ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn tó ń yẹ omi wò ń kọ ránṣẹ́ sí wa ti tó.

Bàbá bi mí pé: “Ọ̀mọ̀wé, ṣé ìwé yẹn á pè mí?”

Mo rẹ́rìn-ín: “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre.”

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja wa kú tán. Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn dé: omi dára títí di ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá ò bá mi wí. Ó kàn lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn wa.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe máa tún dárúkọ ẹ̀rọ yẹn fún un?